Ohun Tí Ọmọdé Fẹ́ràn: Kí Ni Ojúṣe Àgbà?

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ohun tí òwe yìí ń sọ kò ṣòro. Ọmọdé nílò àgbà, àgbà náà sì nílò ọmọdé. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà ti máa ń gbàgbé òwe náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀ràn ohun tí ọmọdé fẹ́ràn. Bí ọmọdé bá fẹ́ràn oúnjẹ kan, a ó ní kò mọ oúnjẹ. Bí ó bá fẹ́ràn orin kan, a ó ní ariwo lásán ni. Bí ó bá wá jẹ́ fíìmù kan tí ó kún fún orin ni ó fẹ́ràn, tí ó ń wò ó láàárọ̀, tí ó ń wò ó lálẹ́, inú a máa bí wa. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí ohun kan bá dùn mọ́ ọmọdé, tí ó sì sú àgbà tàbí tí ó ń ba àgbà lẹ́rù, kí ni àgbà gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó ní ẹ̀tọ́ láti dájọ́ lé e lórí?

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ àsọdùn, ẹ jẹ́ kí a mú fíìmù kan pàtó. Èyí tí a ní lọ́kàn ni Frozen, tí ilé-iṣẹ́ Walt Disney ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Fíìmù àwòrán yíyà ni, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kátúùnù. Chris Buck àti Jennifer Lee ni wọ́n darí rẹ̀. Tọkọtaya kan, Robert Lopez àti Kristen Anderson-Lopez, ni wọ́n kọ àwọn orin inú rẹ̀. Ìtàn ayaba yìnyín kan tí Hans Christian Andersen, òǹkọ̀wé ará Dẹ́nímáàkì, kọ ní ọdún 1844 ni wọ́n mú ṣe ìpìlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yí i padà púpọ̀. Owó tí ó pa ní àwọn ilé sinimá káàkiri ayé lé ní bílíọ̀nù 1.2 dọ́là. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, ó gba ẹ̀bùn Oscar méjì, ọ̀kan fún fíìmù àwòrán tí ó dára jù lọ, èkejì fún orin rẹ̀ tí ń jẹ́ “Let It Go”. Ní ilẹ̀ Jàpáánì, ọ̀sẹ̀ 16 ni ó fi wà ní ipò kìn-ín-ní láìsí fíìmù mìíràn tí ó yẹ̀ ẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ọ̀kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin sí ojú àwòrán, kí àwọn òǹwòran lè máa bá a kọrin nínú ilé sinimá.

Àwọn ọmọbìnrin ọba méjì ni ìtàn náà dá lé lórí, Elsa tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti Anna tí ó jẹ́ àbúrò. Wọ́n bí agbára kan mọ́ Elsa, ó lè sọ nǹkan di yìnyín. Ní ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì ń ṣeré, agbára yìí ṣèèṣì ba Anna lórí, díẹ̀ ni ó kù kí ó kú. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn òbí wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ààfin, wọ́n ya àwọn ọmọ náà sọ́tọ̀, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ fún Elsa, wọ́n sì kọ́ ọ pé kí ó fi ohun tí ó wà lára rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí ó yá, bàbá àti ìyá kú sójú òkun. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé adé lé Elsa lórí gan-an, Anna wá sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hans, tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n kọ̀. Ọ̀rọ̀ di ìjà, Anna já ìbọ̀wọ́ kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àṣírí sì tú lójú gbogbo ìlú. Elsa sá gun orí òkè lọ. Níbẹ̀ ni ó ti dá nìkan kọ orin tí gbogbo ayé wá mọ̀ yìí, orin ẹni tí ó sọ ẹrù kalẹ̀, tí ó ní òun kò ní í fi ara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́, tí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ènìyàn sóde. Ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ ná. Ìdí rẹ̀ yóò hàn láìpẹ́.

Báwo ni àwọn àgbà ṣe gba fíìmù yìí? Ọ̀nà mẹ́rin ni a rí i pín sí.

Èkíní ni àárẹ̀. Àwọn òbí tí wọ́n gbọ́ orin kan náà nínú mọ́tò, nínú ilé, nínú balùwẹ̀, fún odidi ọdún kan, kò lè ṣe kí ó má sú wọn. Jennifer Lee fúnra rẹ̀ sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015 pé nígbà tí fíìmù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn òbí a máa yìn ín nítorí orin náà, òun a sì máa dúpẹ́. Nígbà tí ó pé ọdún kan, wọ́n ní àwọn ṣì ń gbọ́ ọ, òun náà sì yí ọpẹ́ padà sí ẹ̀bẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀rù. Ní ọdún 2014, oníwàásù kan lórí rédíò ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kàn án pé ọwọ́ Èṣù lè wà nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ láti fi ba àwọn ọmọ jẹ́. Ní ọdún 2018, Jordan Peterson, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Kánádà tí òkìkí rẹ̀ kàn, sọ pé fíìmù náà ní ète òṣèlú nínú, pé wọ́n ṣe é láti fi hàn pé obìnrin kò nílò ọkùnrin.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀gàn, ti àwọn tí ó ní ọ̀rọ̀ ọmọdé kò tó ohun tí àgbà ń jókòó sọ.

Ẹ̀kẹrin ni òwò. Aṣọ Elsa, bèbí Elsa, báàgì Elsa gba gbogbo ìsọ̀. Nínú ìwádìí tí ẹgbẹ́ àwọn onísọ̀ọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe kí ọdún 2014 tó parí, àwọn òbí ní ohun ìṣeré Frozen ni àwọn fẹ́ rà jù fún ọmọbìnrin. Bèbí Barbie ni ó ti wà ní ipò náà fún ọdún 11.

Àwa náà kò yọ ara wa sílẹ̀. Nínú àwọn mẹ́rin yìí, àwa jẹ̀bi méjì. Ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ kan láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa mú ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Wọn kò tíì bí ọmọ náà nígbà tí fíìmù yìí jáde, síbẹ̀ ó mọ gbogbo orin rẹ̀ lórí, tòun ti Gẹ̀ẹ́sì tí kò mọ ìtumọ̀ ìdajì rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti sú wa. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwa tí a kàwé Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ mọ́ kéwú wa, a dẹtí sí ọ̀rọ̀ orin náà. A gbọ́ ibi tí ọmọ ọba náà ti ní òfin kankan kò de òun mọ́. Inú bí wa. A ní, “Ṣé irú èyí ni ọmọ kéwú yóò máa fi ṣe orin?” A pa tẹlifíṣàn náà, a sì ní a kò fẹ́ gbọ́ orin náà mọ́ nínú ilé wa.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó dìde, ó lọ sí iyàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí a ń kọjá lọ ṣe àlùwàlá, a gbọ́ ọ tí ó ń fi imú kọ orin náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ó ṣe gbọ́ ìró sálúbàtà wa, ó dákẹ́. Báyìí ni ó ṣe títí di ọjọ́ kejì. Bí a bá wà nítòsí, yóò dákẹ́. Bí a bá lọ, yóò bẹ̀rẹ̀. A ti rí irú rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ olùkọ́ tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. A kò mú ìfẹ́ orin náà kúrò lọ́kàn ọmọ. Fífi nǹkan pamọ́ fún wa ni a kọ́ ọ.

Ìyá rẹ̀ ni ó wá bá wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ẹ ti wo fíìmù náà dé ìparí? Ẹ̀yin náà ni ẹ máa ń sọ fún wa ní kékeré pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.” A kò rí ọ̀rọ̀ fọ̀. Lẹ́yìn tí a kírun Iṣáì tán, a ní kí wọ́n gbé e sí i, a pe ọmọ náà jókòó tì wá, a sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí.

Ohun tí a rí yà wá lẹ́nu. Orin tí a torí rẹ̀ dájọ́ kò ju àárín ìtàn lọ, àárín ìtàn sì kọ́ ni ìdájọ́ rẹ̀. Òmìnira tí Elsa ń fi orin yìn lórí òkè, òun náà ni ó sọ gbogbo ìlú tí ó fi sílẹ̀ di yìnyín. Ọkọ̀ ojú omi há sí èbúté, òtútù mú tàgbà tèwe, òun kò sì mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ó ti wá. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wá a dé orí òkè, ìbẹ̀rù mú kí agbára rẹ̀ ba àbúrò náà ní àyà. Hans tí Anna fẹ́ fẹ́ lójú ẹsẹ̀ wá já sí ọ̀dàlẹ̀ tí ń wá ìjọba. Ẹ wò ó, ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n ni ó tọ̀nà, pé a kì í fẹ́ ẹni tí a kò mọ̀ ju òòjọ́ lọ! Ní ìparí, nígbà tí Hans yọ idà sí Elsa, Anna tí ó ń kú lọ fi ara rẹ̀ dí idà náà nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìfẹ́ yẹn ni ó gba òun fúnra rẹ̀ là. Láti ara rẹ̀ ni Elsa ti mọ̀ pé ìfẹ́ ni a fi ń kápá agbára yẹn, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ó padà sílé, ó sì ní kí wọ́n má ṣe ti ilẹ̀kùn ààfin mọ́.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ bàbá inú fíìmù náà wá wọ̀ wá lára. Bàbá yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, ó sì rò pé bí a bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ nǹkan, nǹkan náà ti parí. Kò parí, ńṣe ni ó ń dàgbà nínú òkùnkùn. Àwa tí a pa tẹlifíṣàn nítorí fíìmù náà ti ṣe ohun kan náà tí fíìmù náà ń kìlọ̀ fún àwọn òbí láti má ṣe. A gbọ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó ṣe é fẹ́ fi Elsa ṣe ọ̀dájú inú ìtàn. Nígbà tí àwọn akọrin mú orin náà wá ni wọ́n tó rí i pé ọmọ tí ìnira bá ni, wọ́n sì tún gbogbo ìtàn náà tò. Bí àwọn tí ó ni ín bá lè gbọ́ orin kan kí wọ́n sì yí ọkàn padà, kí ló dé tí àwa kò lè gbọ́ ọ tán?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àárẹ̀ náà, nítorí òun ni ó wọ́pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ méjì ni “ó sú mi” àti “kò dára”. Ẹni tí ó bá ní ó sú òun ń sọ nípa ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kò dára ń sọ nípa nǹkan náà, ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí. Àṣìṣe wa ni pé a máa ń gbé èkíní wọ aṣọ èkejì. Àgbà tí ó ti rẹ̀, tí ó fẹ́ sinmi, kò ní sọ fún ọmọ pé “Mo fẹ́ sinmi.” Yóò ní “Nǹkan tí ò ń wò yìí yóò bà ọ́ jẹ́.” Bí ọmọ náà bá dàgbà tí ó sì rí i pé kò ba òun jẹ́, báwo ni yóò ṣe gbà wá gbọ́ ní ọjọ́ tí a bá kìlọ̀ fún un nípa ohun tí ó ń ba ènìyàn jẹ́ ní tòótọ́?

Kí ni ó tilẹ̀ dé tí ọmọdé fi ń wo ohun kan náà lógún ìgbà? Àwa olùkọ́ kéwú ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ń há súrà kékeré kan sórí yóò kà á títí yóò fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, inú rẹ̀ a sì máa dùn nígbà tí ó bá mọ ohun tí ó kàn kí a tó sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlọ́ ní ayé ìgbà tí a wà ní kékeré. Kò sí ẹni tí ó ń ní kí wọ́n má pa àlọ́ Ìjàpá kan nítorí pé wọ́n ti pa á lánàá. Àwa gan-an ni à ń bẹ ìyá àgbà pé kí ó tún un pa, nítorí orin inú rẹ̀ tí a fẹ́ gbè. Ìtàn tí ó ní orin nínú kì í ṣe ohun àjèjì sí wa rárá. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Nínú àlọ́, àgbà ni ó ń dá orin, ọmọdé ń gbè é. Ọwọ́ àgbà ni ìtàn wà, bí ọmọ bá sì ní ìbéèrè, ó rí ẹni bi. Lónìí, ẹ̀rọ ni ó ń dá orin, ọmọdé ń gbè é, àgbà wà ní yàrá kejì tí ó ń ráhùn pé ariwo pọ̀. A fi àyè wa sílẹ̀, a wá ń bínú sí ohun tí ó gbà á.

Ẹnì kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó kọ̀ láti fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀. Ron Suskind ni orúkọ rẹ̀, oníròyìn tí ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 1995. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Owen, fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́ta ní ọdún 1993 nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lẹ́nu rẹ̀. Àwọn dókítà ní autism ni, èyí tí ó lè mú kí ó ṣòro fún ọmọ láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Fíìmù Disney ni ohun tí ó kù tí ọmọ náà fẹ́ràn. Nínú The Little Mermaid tí ó jáde ní ọdún 1989, ó ń dá apá kan padà lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ń sọ ohun kan tí kò yé ẹnikẹ́ni. Níkẹyìn ni àwọn òbí rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ inú orin náà ni, níbi tí wọ́n ti ń bá ọmọbìnrin kan dúnàádúrà pé kí ó fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní àwítúnwí lásán ni. Bàbá náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó wọ abẹ́ aṣọ ìbora, ó na bèbí odídẹrẹ́ inú fíìmù Aladdin sókè, ó fi ohùn ẹyẹ náà bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ náà sì dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé wá ń fi ọ̀rọ̀ inú fíìmù bá a sọ̀rọ̀. Suskind kọ ìwé nípa rẹ̀, Life, Animated, ní ọdún 2014, wọ́n sì fi ṣe fíìmù ní ọdún 2016. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó rí bíi Owen. Ṣùgbọ́n bí bàbá yẹn bá ti pa tẹlifíṣàn nítorí pé ó sú u, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó lè gbà bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni ì bá tì pa.

Nínú ẹ̀sìn tiwa náà, àpẹẹrẹ wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Àwọn ọmọbìnrin kékeré méjì ń kọrin nínú ilé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ọjọ́ ọdún. Ànábì fi aṣọ bora, ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àbúbákárì wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí. Ànábì ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀, nítorí ọjọ́ ọdún ni. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ẹni tí ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orin náà kọ́ ni ó ń gbọ́ fún ìgbádùn ara rẹ̀. Síbẹ̀, kò fi èyí dí àwọn ọmọdé lọ́wọ́.

Ẹnì kan lè bi wá pé, “Ṣé kí a wá jẹ́ kí ọmọ máa wo ohunkóhun tí ó bá wù ú ni?” Rárá o. Fíìmù burúkú wà, ó sì pọ̀. Àkókò ìrun wà, àkókò kéwú wà, àkókò iṣẹ́ ilé-ìwé àti oorun wà, fíìmù kò gbọdọ̀ jẹ ọ̀kankan nínú wọn. Bákan náà, ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ènìyàn lè fẹ́ràn orin kan láìra aṣọ rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń ta aṣọ kò fẹ́ràn ọmọ wa tó bí wọ́n ṣe fẹ́ràn àpò wa. A kò sọ pé kí àgbà má dájọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó mọ ẹjọ́ kí ó tó dá a. Kí ó wò ó tán. Kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ewu ọmọ ni ó ń sọ tàbí àárẹ̀ ara rẹ̀. Bí ó bá sì rí ohun tí kò tọ́, kí ó sọ ọ́ fún ọmọ náà ní èdè tí yóò yé e, kí ọmọ náà sì lè fèsì. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.

Ní tiwa, a bẹ ọmọ náà. A ní a ti ṣe àṣìṣe. A fi àdéhùn sí i: ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì, lẹ́yìn tí ó bá ti ka kéwú rẹ̀ tán. Ó gbà. Ní alẹ́ tí a wò ó pa pọ̀, ó bi wá ìdí tí bàbá Elsa fi ti ilẹ̀kùn. A dá a lóhùn pé ẹ̀rù ni ó bà á. Ó ronú sí i, ó ní, “Ṣé ẹ̀rù ba ẹ̀yin náà ni, Bàbá Àgbà?” A ní bẹ́ẹ̀ ni. A kò ní purọ́ fún yín, orin náà ṣì ń sú wa títí di òní. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ wa mọ́ bí ó bá ń kọ ọ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní sùúrù lórí àwọn ọmọ tí Ó fi ta wá lọ́rẹ, kí Ó sì jẹ́ kí wọ́n lè máa sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn fún wa títí a ó fi dàgbà dàgbà. Àmín.